Ìyá Àjàyí àti Àwọn Tí Ó Kórìíra: Ọ̀fọ̀, Ọgbẹ́ Ọkàn àti Ẹ̀tanú nínú Ìtàn-Àròsọ Ajẹmọ́tàn

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ ní Kétu níwájú àwọn olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ ìwé ní èdè Yorùbá)

Mo kí gbogbo ilé. Mo tẹríba fún Aláyélúwà, Alákétu, ẹni tí a wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo kí ẹ̀yin ìjòyè, mo kí ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ fi ọjà sílẹ̀ wá síbí, mo sì kí ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti Àjàṣẹ́, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Pọ́bẹ̀ wá. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìjókòó. Mo rí àwọn ará wa tí wọ́n jẹ́ Fọ̀n láàrin wa pẹ̀lú, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí a bí sí Kétu. Ẹ kú àbọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kàn yín bí ó ti kàn wá, n kò sì ní sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ni ti ẹ̀dá-ìtàn tí ó kórìíra ẹ̀yà kan nítorí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Báwo ni òǹkọ̀wé ṣe lè kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó má purọ́ mọ́ ọn, kí ó má sì gbè é lẹ́yìn? Ìbéèrè yìí le ju bí a ti rò lọ, nítorí pé àwa tí à ń kọ ìtàn ogun àtijọ́ kì í ṣe àjèjì sí ogun náà. Àwọn tí ogun kó ni wọ́n bí àwọn tí ó bí wa.

Ọmọ Kétu kò nílò kí n pìtàn fún un, ṣùgbọ́n àlejò wà nínú ilé. Ní ọdún 1883, nígbà tí Gẹlẹlẹ jẹ ọba ní Dàhómì, ìjọba àwọn Fọ̀n tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Agbómẹ̀, ogun rẹ̀ wọ Kétu ní àkókò tí púpọ̀ nínú àwọn jagunjagun ìlú kò sí nílé. Ní ọdún 1886, ogun náà padà wá, ó dó ti ìlú, ebi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tí odi àti yàrà ń dáàbò bò. Ìlú tú. Wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó àwọn tí ó ṣẹ́ kù lọ sí ìhà Agbómẹ̀. Òwò ẹrú orí òkun ti kásẹ̀ ńlẹ̀ nígbà náà, nítorí náà oko ni wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn lọ, oko epo àti oko oúnjẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé tí Dodds ṣáájú wọn gba Agbómẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, ọ̀nà là fún àwọn tí ó yè. Láàrin 1893 sí 1894 ni wọ́n padà wá tún ìlú yìí tẹ̀ dó. Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè tí ẹ gbà kọjá nígbà tí ẹ ń bọ̀, ti wà níbẹ̀ kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá dá ẹ̀dá-ìtàn kan. Kò sí nínú ìwé kankan. Fún ọ̀rọ̀ òní ni mo ṣe dá a. Ìyá Àjàyí ni à ń pè é. Ní ọdún 1886, abiyamọ ni, Àjàyí ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń pín àwọn ẹrú, wọ́n mú ọmọ lọ sí ọ̀nà kan, wọ́n mú ìyá lọ sí ọ̀nà mìíràn. Ìyá padà sí Kétu; ọmọ kò padà. Ó tún ilé ọkọ ní, ó bí Àṣàkẹ́, ó ń ta ẹ̀kọ. Nígbà tí ó di ọdún 1914, Àṣàkẹ́ mú ọkùnrin kan wá sílé, gbẹ́nàgbẹ́nà, ọmọ Agbómẹ̀, ó ní òun ni òun fẹ́ fẹ́. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó ní, «Nínú àwọn tí ó jẹ ẹ̀gbọ́n rẹ ni o ti rí ọkọ?»

Ẹ̀tanú ni gbólóhùn yẹn. Ọ̀fọ̀ sì ni pẹ̀lú. Ibi tí méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra ni iṣẹ́ òǹkọ̀wé wà.

Kókó kìíní: ẹnì kan ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fún mi ní ìwé tí ó kọ kà nígbà kan. Ìyá arúgbó kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń bú àwọn Fọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé títí dé òpin. Mo bi í pé, «Ọmọ mi, kí ni wọ́n ṣe fún ìyá yìí?» Ó ní, «Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, wọ́n kó Kétu.» Mo ní, «Wọ́n kó Kétu, òótọ́ ni. Ìyá yìí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni ó gbà á, ọwọ́ wo ni ó fi gbà á?» Kò rí èsì fún mi, nítorí pé kò tíì ronú kàn án. Ó ti gba ìkórìíra náà bí ẹni gba ogún, ó sì gbé e lé ìyá arúgbó náà lórí láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí ogun bá kó kì í rí «Dàhómì» lójú ogun. Ọkùnrin kan ni ó rí. Ọkùnrin tí ó já ọwọ́ Àjàyí gbà ní ojú, ó ní ohùn, ó ń wúkọ́, ó so aṣọ aláró mọ́ ìdí. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọkùnrin yìí nìkan ni Ìyá Àjàyí kórìíra, bí ó bá sì rí i ní ọjà, yóò dá a mọ̀ láàrin ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọdún ń yí lu ọdún. Ojú ọkùnrin náà ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ìkórìíra kò bá a parẹ́. Kí ni yóò wá ṣe? Yóò wá ojú mìíràn. Ẹni tí ń wúkọ́ ní oko, tí ó sì ń sọ èdè yẹn, yóò ní ojú náà. Alájàpá tí ó so aṣọ aláró yóò ní in. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1914, ojú náà ti wà lára gbogbo ẹni tí ó bá ti ìhà ibẹ̀ wá, títí kan gbẹ́nàgbẹ́nà tí a kò tíì bí nígbà tí Kétu tú.

Ẹ fi ọ̀nà yẹn hàn wá nínú ìwé yín. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹnì kan di gbogbo ẹ̀yà hàn wá, nítorí pé ọjọ́ náà wà, òǹkàwé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Òwe yìí ni a máa ń fi gbèjà ẹni tí ó sá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ekòló? Ẹni tí ń sá fún ekòló lónìí, bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ekòló pa lọ́la, yóò sì máa sọ pé ejò ni òun pa.

Kókó kejì ni ó wà lọ́kàn mi jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n pẹ́ lórí rẹ̀. Ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ.

Ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ wà níbí mọ ohun tí òwe yìí ń sọ. Bí ọmọ bá kú, ará ilé a sin ín, aládùúgbò a wá jókòó ti ìyá rẹ̀, wọn a ní kí ó má sunkún mọ́, wọn a gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fi omi tútù pa iná. Ó dùn ún títí ayé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìdí tí ó dé sí. Bí ọmọ bá nù ńkọ́? Kò sí ìsìnkú, kò sí ẹni tí yóò wá kí i kú ọ̀fọ̀, nítorí pé a kì í kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ lè wọlé ní ọ̀sán ọ̀la pé ó kú ọ̀fọ̀. Ìyá Àjàyí ń ka ọdún ọmọ rẹ̀ nìṣó. Ó ti pé mẹ́wàá. Ó ti pé mẹ́rìnlá, ọdún tí a padà sí Kétu. Ó ti tó ẹni tí ń gbéyàwó. Ẹ sì wo ohun tí àṣà wa ṣe fún un láìmọ̀: gbogbo ayé ń fi orúkọ ọmọ tí ó nù pè é. «Ìyá Àjàyí, ẹ kú ọjà o.» «Ìyá Àjàyí, ẹ̀kọ mélòó ló kù?» Láàárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́. Ọgbẹ́ wo ni yóò jinná lábẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀?

Ìtàn sọ fún wa pé wọ́n padà wá tún ìlú tẹ̀ dó, àwa náà sì ń fi ìdùnnú sọ ọ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ bá obìnrin kan rìn ní ọ̀nà náà. Nígbà tí àwọn yòókù ń di ẹrù, tí wọ́n ń kọrin, kí ni ó wà lọ́kàn rẹ̀? Bí òun bá kúrò ní ìhà Agbómẹ̀, ta ni yóò dá Àjàyí lóhùn bí ó bá wá òun wá? Bí òun bá dúró, ọmọ Kétu ni òun, inú oko ẹlòmíràn ni yóò sì kú sí. Ó bá wọn lọ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ni òun fi ọmọ òun sílẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìkórìíra ni aṣọ tí ó fi bò ó: bí ó bá ń bú àwọn Fọ̀n lóhùn rara, kò ní gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fi í sùn fún ara rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ tẹ̀ lé mi. Bí Àjàyí bá wà láàyè ní ọdún 1914, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Níbo ni ó wà? Èdè wo ni ó ń sọ? Ọmọ ọdún mẹ́fà tí a mú wọ ilé kan ní Agbómẹ̀, tí ó dàgbà níbẹ̀, èdè Fọ̀n ni yóò máa fi lálàá. Wọ́n yóò ti fún un ní orúkọ mìíràn. Ó lè ti fẹ́ ọmọ Fọ̀n, kí ó sì ti bí ọmọ tí kò mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ Kétu. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí ogun kó. Wọ́n wọ inú àwọn tí ó kó wọn, a kò sì lè yọ wọ́n mọ́. Ta ni ó wá wà lára àwọn tí Ìyá Àjàyí ń ṣépè fún ní òwúrọ̀ kùtùkùtù? Nígbà tí ó bá ní kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí àwọn ènìyàn yẹn rí ire, ọmọ ta ni ó ń gégùn-ún fún?

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé mú un dé. Kì í ṣe kí ẹnì kan dìde nínú ìtàn kí ó wàásù fún un pé ọ̀kan náà ni gbogbo ènìyàn. Obìnrin tí a já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní gba ìwàásù. Ìfẹ́ tí ó ní sí Àjàyí nìkan ni ó lágbára tó láti dojú kọ ìkórìíra tí ó bí nítorí Àjàyí. Kí ó bá ara rẹ̀ jà.

Kókó kẹta kò ní gùn, ṣùgbọ́n kò ṣeé fò. Ìkórìíra a máa lọ sí ibi tí ọ̀nà là sí. Bí Ìyá Àjàyí bá jókòó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, yóò béèrè ìdí tí àwọn jagunjagun tiwa kò fi sí nílé ní 1883, yóò béèrè ẹni tí ó ní oúnjẹ nígbà ìdótì tí kò fún ọmọ òun jẹ, yóò sì rántí pé ẹrú wà ní Kétu pẹ̀lú kí Dàhómì tó dé. Àwọn tí yóò bi ní ìbéèrè wọ̀nyí ni ó ń bá gbé, òun àti wọn ni wọ́n jọ tún ilé kọ́. Kò lè bínú sí wọn kí ó sì rí ibi sùn. Àjèjì tí ń sọ èdè mìíràn ni ó rọrùn láti bínú sí. Ẹ̀dá-ìtàn tí kò ní ìbínú kankan sí ará ilé rẹ̀ lẹ́yìn irú àjálù bẹ́ẹ̀ kò tíì di ènìyàn lójú mi.

Kókó kẹrin: ẹni tí a kórìíra náà ní ìyá.

Mo mọ̀ pé ibí yìí ni ara yóò ti máa kan àwọn kan, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ní ọdún 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ wọ Dàhómì, wọ́n sì tún padà síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Láti àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún títí di ìgbà Gezo, ọba Dàhómì ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e, Dàhómì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́. Ẹ rò ó wò: àwọn ìyá kan ní Agbómẹ̀ náà ti fi ọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu nínú igbó nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, ẹni tí ó sì gun ẹṣin náà, èdè tí èmi àti ẹ̀yin ń sọ nísinsìnyí ni ó ń sọ. Ní Abẹ́òkúta, nígbà tí Dàhómì gbógun lọ síbẹ̀ ní 1851 àti ní 1864, ọ̀pọ̀ ọmọ Dàhómì ni kò padà sílé, títí kan àwọn obìnrin ológun wọn, tí ogun ti kó àwọn kan nínú àwọn náà láti ìlú mìíràn kí wọ́n tó di ọmọ ogun ọba. N kò sọ èyí láti fi ìwọ̀n wọn ọ̀fọ̀ ẹnì kan mọ́ ti ẹnì kejì. Ohun tí Gẹlẹlẹ ṣe fún Kétu, ó ṣe é, a kò ní pa á rẹ́. Mo sọ ọ́ nítorí gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà Ìyá Àjàyí pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ó ní baba tí ìbọn Faransé pa ní 1892, ó ní ìyá tí ó ń bẹ̀rù àwọn Ànàgó, ìyẹn àwa Yorùbá. Bí òǹkọ̀wé kò bá fún un ju ẹ̀rín músẹ́ àti sùúrù lọ, kò dá a bí ènìyàn. Ó kàn fi í ṣe ọ̀nà tí ìyá yóò gbà di ènìyàn rere.

Ẹ jẹ́ kí n sì kìlọ̀ fún yín nípa ohun kan tí ó máa ń wu ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé púpọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà yìí di ọmọ Àjàyí, tàbí ìbátan Àjàyí, ní ìparí ìwé. Mo mọ̀ pé yóò dùn, mo mọ̀ pé òǹkàwé yóò sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó túmọ̀ sí: Ìyá Àjàyí yóò gbà á nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Ìkórìíra tí ó ní sí àwọn yòókù yóò wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà; kò sí ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àlejò pátápátá, kí Ìyá Àjàyí má sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ láéláé, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tí ó padà sí ìlú yìí.

Ṣé yóò wá yí padà? Àwọn àgbà ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Mo gbàgbọ́ pé ó lè yí, ṣùgbọ́n kò ní yí ní ọjọ́ kan, kò sì ní yí níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà tún ilẹ̀kùn òun ṣe, kò sì ní fún un lómi mu. Yóò gba owó orí Àṣàkẹ́, kò sì ní dé ilé wọn títí ọmọ yóò fi rìn. Ní ọjọ́ tí ó gbọ́ tí ọmọ náà fi èdè Fọ̀n pe baba rẹ̀, yóò dìde kúrò níbẹ̀, Àṣàkẹ́ yóò rò pé ìbínú ni. Nígbà tí ìjà bá dé, èébú àtijọ́ yóò tún ti ẹnu rẹ̀ jáde, yóò sì ta wọ́n gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ta wọ́n. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà kan náà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Wọn kò ní kí á má sunkún; wọ́n kò sì ní kí ẹkún gba ojú wa.

Bí ẹnì kan bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni gbogbo èyí, ẹ rántí oṣù kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí Faransé dá àwọn ohun ìṣúra ààfin Agbómẹ̀ 26 padà, tí wọ́n sì ṣe àfihàn wọn ní Kútọnu ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Inú mi dùn gidigidi pé wọ́n padà wá, nítorí olè ni a jà wá kí wọ́n tó dé ọ̀hún. Àga ọba kan wà lára wọn tí wọ́n gbẹ́ àwọn tí a fi ẹ̀wọ̀n so sí ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń yìn ọwọ́ agbẹ́gilére, ó sì tọ́ kí ó yìn ín. Ojú mi wà lára àwọn tí a so, mo ń wò bóyá obìnrin wà nínú wọn. Àwa méjèèjì jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà, Benin. Mo fẹ́ kí ìtàn-àròsọ tí yóò gba àwa méjèèjì ti ọwọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí jáde, ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Fọ̀n kí ọdún tó yípo.

Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ lọ jókòó ti àwọn arúgbó Kétu tí wọ́n ṣì rántí ohun tí ìyá wọn sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Agbómẹ̀, kí ẹ béèrè ní agbo ilé wọn bóyá ìyá àgbà kan wà tí ó wá láti ìhà ibí. Yóò yà yín lẹ́nu bí wọn yóò ti tètè dá yín lóhùn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún sùúrù. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mú iṣẹ́ wọn wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí ojú ìwé tí ẹ̀dá-ìtàn yín ti kọ́kọ́ bú ẹ̀yà mìíràn. A ó jọ kà á sókè níkọ̀ọ̀kan, a ó sì wá ẹnì kan ṣoṣo tí èébú náà ń bá wí gan-an.